Kí ambúláǹsì tó dé: Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ débi ìjàǹbá ni ẹ̀mí wà

Bí ọkọ̀ bá takìtì lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn tó máa ń kọ́kọ́ sáré débẹ̀ kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ni, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, ọlọ́kadà ni, awakọ̀ tó ń kọjá lọ ni. Àwọn ni wọ́n ń fa èrò jáde nínú ọkọ̀ tó ti rún. Àwọn náà ni wọ́n ń dá ọkọ̀ mìíràn dúró pé kó wá gbé àwọn tó fara pa.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnìkan á fa apá, ẹlòmíràn á fa ẹsẹ̀. Wọ́n á ká ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ìgbà tí wọ́n ń di àpò gààrí. Ẹlòmíràn á máa bu omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́. Inú rere ló mú gbogbo wọn ṣe é, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n inú rere tí kò ní ìmọ̀ nínú lè pa ẹni tí ìjàǹbá kò pa.

Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ti ń tọpinpin ọ̀rọ̀ yìí ní Áfíríkà àti lókè òkun. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ló ń gba ẹ̀mí là láàárín ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọsibítù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ambúláǹsì ni. Ohun tí ìwádìí sì ń sọ ni pé ambúláǹsì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àkọ́kọ́.

Ìlú mẹ́ta, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní 1998, Dókítà Charles Mock, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Gánà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn tó fara pa gidi ní ìlú mẹ́ta wéra: Kumasi ní Gánà, Monterrey ní Mẹ́síkò, àti Seattle ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó fara pa bẹ́ẹ̀ ní Kumasi, 63 ló kú. Ní Monterrey, wọ́n jẹ́ 55. Ní Seattle, 35 ni.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àwọn dókítà òyìnbó ló mọ iṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ìṣirò náà palẹ̀, wọ́n rí i pé ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá jù kì í ṣe inú ọsibítù. Ní Kumasi, 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti kú kí wọ́n tó dé ọsibítù rárá. Ní Monterrey, 40 ni. Ní Seattle, 21 péré ni. Ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú 102 ló ń gba ẹni tó fara pa ní Kumasi kó tó dé ọsibítù. Ìṣẹ́jú 31 ló ń gba ti Seattle.

Ohun méjì ló máa ń pa ènìyàn jù láàárín àkókò yẹn tí ẹni tó wà nítòsí sì lè ṣe nǹkan sí. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ya. Èkejì ni ọ̀nà èémí tó dí: bí ènìyàn bá dákú tó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ahọ́n rẹ̀ lè yọ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ àti èébì dí i lọ́fun. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó máa ń dúró de ambúláǹsì.

Àwọn awakọ̀ Gánà

Nígbà náà, Gánà kò ní ambúláǹsì ìjọba tó ń yí ká orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ akérò àti takisí ló ń gbé ọ̀pọ̀ àwọn tó fara pa dé ọsibítù, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Nàìjíríà. Mock àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá ro ó pé, bó bá jẹ́ pé awakọ̀ ni yóò gbé e náà, kí ló dé tí wọn kò fi kọ́ awakọ̀?

Wọ́n kó awakọ̀ 335 jọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún wákàtí mẹ́fà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwé. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ibi ìjàǹbá kí ọkọ̀ mìíràn má baà tún gbá ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà èémí, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń di igi mọ́ eegun tó ṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Dọ́là mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà ná wọn lórí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn kan fi ara wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn sì fi ọkọ̀ ṣèrànwọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, wọ́n wá 71 lára àwọn awakọ̀ náà rí, wọ́n sì bi wọ́n léèrè. Ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ti lo ohun tí wọ́n kọ́ àwọn. Kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ náà, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 42. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà èémí kò ju ìdá méjì lọ tẹ́lẹ̀. Ó di 35. Àwọn olùwádìí náà gbé àbájáde yìí jáde ní 2002. Òótọ́ ni pé ẹnu àwọn awakọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe pé ẹnìkan dúró tì wọ́n lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè kọ́ ohun tó ń gba ẹ̀mí là, kó má sì gbàgbé rẹ̀.

Kì í ṣe pé Gánà wá fọwọ́ lẹ́rán lórí ọ̀rọ̀ ambúláǹsì o. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2001, ènìyàn 126 kú nínú ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní pápá ìṣeré ìlú Accra. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá iléeṣẹ́ ambúláǹsì ìjọba sílẹ̀ ní 2004. Nígbà tó di oṣù kìíní 2020, ambúláǹsì 307 ni wọ́n pín káàkiri ẹkùn ìdìbò orílẹ̀-èdè náà.

Abúlé tí kò sí ọ̀nà

Ẹni tó ń gbé ìgbèríko lè sọ pé Kumasi ìlú ńlá ni. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní ibi tó le ju ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá lọ. Láàárín 1997 sí 2001, Dókítà Hans Husum ará Nọ́wè àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àríwá Ìráàkì àti ní Kàǹbódíà, níbi tí ogun ti ri àdó olóró mọ́lẹ̀ káàkiri oko. Àgbẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á sì lọ. Ó lè gba wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Wọn kò ra ọkọ̀ olówó ńlá. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́. Wọ́n kọ́ àwọn díẹ̀ jinlẹ̀ láti di olùtọ́jú, wọ́n sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó fara pa ló ń kú. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo iṣẹ́ náà wò, iye náà ti wálẹ̀ sí ìdá 14.9. Ọ̀nà wọn kò kúrú sí i. Ohun tó yí padà ni ọwọ́ tó kọ́kọ́ kàn wọ́n.

Ibi tí Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rò pé àwọn ìlú òyìnbó ti ní ètò yìí tipẹ́tipẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1966, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó sọ pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ ambúláǹsì orílẹ̀-èdè náà ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sìnkú. Ìdí ni pé ọkọ̀ agbókùú gùn, ènìyàn lè nà tàntàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé òkú láàárọ̀ lè gbé aláìsàn lálẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ìtọ́jú nínú rẹ̀.

Lọ́dún yẹn náà ni ọmọbìnrin Dókítà Peter Safar, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Pittsburgh, kú lọ́wọ́ ikọ́ ìfée. Safar wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn bí ènìyàn ṣe lè fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí kò mí mọ́. Ní 1967, ó dara pọ̀ mọ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Freedom House, ní àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní ìlú náà. Àwọn adúláwọ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí àwọn ènìyàn sì ti fojú tín-ín-rín, ni wọ́n mú, tí wọ́n kọ́ fún nǹkan bí 300 wákàtí. Wọ́n di ara àwọn òṣìṣẹ́ ambúláǹsì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó mọ ìtọ́jú ní tòótọ́. Ìjọba ìlú náà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní 1975, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe di àwòkọ́ṣe fún orílẹ̀-èdè náà.

Ní Kánádà, àwọn olùwádìí tún lọ síwájú sí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ àti abẹ́rẹ́ olówó iyebíye kún ti ambúláǹsì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé dúró á túbọ̀ máa yè. Ìlú 17 ni wọ́n ti ṣe é ní ẹkùn Ontario. Ní 2004, èsì jáde: kí wọ́n tó fi kún un, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè, lẹ́yìn tí wọ́n fi kún un, ìdá márùn-ún náà ni. Ohun tó ṣe ìyàtọ̀ ni bí ẹnìkan bá wà nítòsí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà lójú ẹsẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ambúláǹsì tó dé. Àǹfààní ẹni bẹ́ẹ̀ láti yè ju ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tí kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́ láyà lọ.

Wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta

Nàìjíríà náà wà lára ìwádìí tó fi bí àkókò ṣe ṣe iyebíye hàn. Orílẹ̀-èdè 40 àti ọsibítù 274 ló kópa nínú rẹ̀, ènìyàn 20,211 tó fara pa ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n ń pè é ní CRASH-2, èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Oògùn kan tí kò wọ́n, tranexamic acid, ni wọ́n dán wò. Ó máa ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì.

Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n rí i pé ẹni tó bá gbà á láàárín wákàtí kan sígbà tó fara pa ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, ó jọ pé ṣe ló ń ṣe ìpalára. Oògùn kan náà tó ń gba ẹ̀mí là láago mẹ́wàá lè máa ṣe ibi láago méjì ọ̀sán. Iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni fífún ènìyàn ní oògùn yìí, kì í ṣe ti ẹni tó bá ibẹ̀ kọjá. Ti ẹni tó bá ibẹ̀ kọjá ni pé kó má fi àkókò ṣòfò.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nílé

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń ronú lórí ẹ̀mí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká náà ni alága àkọ́kọ́. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá iléeṣẹ́ ambúláǹsì tirẹ̀, LASAMBUS, sílẹ̀. Ní 2009, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyẹ, tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó wà fún wọn, wọ́n sì pèsè ọkọ̀ tó lè wọ ojú ọ̀nà ìgbèríko. Ètò yẹn fi hàn pé kì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lóru náà nílò ẹni tí yóò tètè gbé e.

Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí Sangowawa àti Owoaje kọ́ àwọn awakọ̀ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ìmọ̀ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Gánà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tó ṣiṣẹ́ ní Kumasi kò lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Awakọ̀ tó gbé ẹni tó fara pa ń rò ó pé bó bá kú sínú ọkọ̀ òun ńkọ́? Ṣé ọlọ́pàá kò ní sọ pé òun ló gbá a? Ṣé ọsibítù kò ní ní kí òun lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí kí òun san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án? Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ìdí kankan. Ẹni tó bá rú u lè san owó ìtanràn tó tó ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní ti ẹni tí ìbọn bà, òfin 2017 sọ pé kí ọsibítù tọ́jú rẹ̀, yálà ọlọ́pàá ti fún wọn níwèé tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yálà wọ́n ti san owó ìdókòwò tàbí wọn kò san. Ọsibítù fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Òfin 2014 tún ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó àkànṣe ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Lára rẹ̀ ni ètò ambúláǹsì ìjọba àpapọ̀, NEMSAS, ti jáde.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹni tó bá débẹ̀

Gbogbo ohun tí àwọn oníṣègùn ń kọ́ awakọ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá débi ìjàǹbá kọ́kọ́ dáàbò bo ara rẹ̀. Kó ju ewé sójú ọ̀nà ní ìwájú àti ẹ̀yìn, kó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ agbépo ni, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i. Epo tó dà sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bù.

Kí ẹnìkan pe fóònù. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè ni 112. Ti FRSC ni 122. Ní Èkó, 767 náà wà. Kí àwọn ará abúlé tètè bi ọsibítù tó wà nítòsí wọn léèrè nọ́ńbà tiwọn ṣáájú ọjọ́ tí wàhálà yóò dé.

Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá ń mí àmọ́ tí kò dáhùn, kí wọ́n rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ yí papọ̀. Bí kò bá mí rárá, kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ gidi léraléra, bí ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, aṣọ tó mọ́ ni kí wọ́n fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ pinpin, kí wọ́n má máa ṣí i wò. Kì í ṣe erùpẹ̀, kì í ṣe kẹrosíìnì. Bí eegun bá ṣẹ́, kí wọ́n di igi pẹlẹbẹ mọ́ ọn bó ṣe wà, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n má wọ́ ọ. Àyàfi bí iná tàbí ewu mìíràn bá wà, kí wọ́n má fi ipá fa ẹnikẹ́ni jáde. Orí pákó ni kí wọ́n gbé e sí. Kí wọ́n má fún un ní omi tàbí oúnjẹ, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Ta ni yóò san dọ́là mẹ́ta?

Ó rọrùn láti ra ambúláǹsì kí wọ́n sì ya fọ́tò síwájú rẹ̀. Kíkọ́ awakọ̀ kò ní fọ́tò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gáréèjì wà ní gbogbo ìlú, ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà wà, wọ́n sì ń ṣèpàdé. Ọba àti baálẹ̀ wà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà. Ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tó lè fi wákàtí mẹ́fà kọ́ ènìyàn. Kò sí èyí tó nílò ìwé àṣẹ láti Abuja kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ambúláǹsì gbọ́dọ̀ wà, ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dára, ọsibítù sì gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń kú lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ìjọba ni ká bi léèrè àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi dé, ẹni tó ń ti oko bọ̀ ni yóò ṣì máa kọ́kọ́ débẹ̀. Bó bá mọ ohun tí yóò ṣe, ọmọ ẹlòmíràn á padà délé. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.